Pátákó Tí Ìyá Rántí Kùn

Nígbà láéláé, kí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tó di ohun tí wọ́n ń tú káàkiri, adìẹ kì í fẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ṣé o wà níbẹ̀ ni? Mo ní adìẹ kì í fẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Ọkà tí ìyàwó ilé bá dà sílẹ̀ ló ń ṣà jẹ. Tó bá ti yó, á lọ sábẹ́ ibòòji, á ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ, á jókòó jẹ́ẹ́.

Ní abà kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ìyeyè, àgbébọ̀ kan wà tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ ní tirẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Tí atẹ́gùn bá mi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, á fò dìde. Tí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn bá fẹ́ lẹ́lẹ́, á kígbe. Ẹ má pè é ní ojo o. Àwòdì ti kó o lọ́mọ rí.

Àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ pa, Àwòdì kó wọn tán pátá. Àwọn tó pa tẹ̀ lé wọn, Àwòdì tún kó wọn, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù tí ì bá máa pè é ní màámi.

Ohun tó dùn ún jù ni pé ó kìlọ̀ fún wọn. Láràárọ̀ ló ń sọ ọ́ pé, "Ẹ ṣọ́ra fún Àwòdì o!" Àwọn ọmọ á sì dáhùn pé, "A ti gbọ́ o, màámi." Ṣùgbọ́n wọn ò mọ bí Àwòdì ṣe rí. Tí ẹyẹlé bá kọjá, wọ́n á sá. Tí lékeléke bá kọjá, wọ́n á sá. Nígbà tó yá, sísá náà sú wọn, wọ́n wá ń wòkè lásán. Ọjọ́ tí Àwòdì gan-an dé, bí wọ́n ṣe ń wòkè lásán náà nìyẹn tó fi kó wọn.

Àgbébọ̀ tún sàba lé ẹyin, ó tún pamọ. Èyí tó kọ́kọ́ fọ́ èèpo ẹyin jáde, ó sọ ọ́ ní Rántí, láti ìgbà náà ni gbogbo abà sì ti ń pe ìyá rẹ̀ ní Ìyá Rántí. Èyí tó jáde kẹ́yìn, ó yọrí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí bí ayé ṣe fẹ̀ tó, ló bá wọ abẹ́ apá ìyá rẹ̀ lọ. Òun ni wọ́n ń pè ní Àbíkẹ́yìn. Kò fẹ́ràn àtijáde rárá.

Rántí ò rí bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Ìbéèrè ni ṣáá. "Màámi, kí ló dé tí ilẹ̀ fi ń tutù láàárọ̀? Màámi, ta ló so ìyeyè mọ́ igi? Màámi, níbo ni oòrùn máa ń sùn?" Ohun tí ẹ bá sọ fún un lónìí, á sọ ọ́ padà fún yín lọ́la láìfi ẹyọ kan sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ẹ̀rù ń bà á láti wò ó pẹ́.

Ìyá Rántí wá sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Mo fẹnu sọ fún àwọn ti ìṣáájú, kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, àfi kí wọ́n fojú rí ohun tí mo ń sọ."

Ó kọ́kọ́ lọ bá ọkọ rẹ̀, Àkùkọ.

"Baálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa. Ẹ̀rù Àwòdì ń bà mí."

Àkùkọ na ọrùn, ó gbọn ogbe orí rẹ̀. "Ìyá Rántí, ta ló ń jí gbogbo abà yìí láràárọ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

"Tóò. Ẹni tó ń jí gbogbo abà, ṣé òun náà lo tún fẹ́ kó máa ṣọ́ ojú ọ̀run? Àníyàn rẹ ti pọ̀ jù. Lọ jẹun."

Ìyá Rántí wò ó, ó yíjú padà. Èmi ì bá fèsì.

Ó bá kọjá sídìí ògiri ilé, níbi tí Ọmọ́ńlé ń gbé. Àgbà ni Ọmọ́ńlé, ara ògiri ló wà tọ̀sán-tòru, kò sì sí ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé náà tí kò rí.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o."

"Káàárọ̀, Ìyá Rántí. Mo ti ń wò ẹ́ láti òwúrọ̀, ò ń rìn sókè, ò ń rìn sódò. Kí ló ń dà ẹ́ láàmú?"

Ó rò fún un. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn ọmọ òun rí Àwòdì kí Àwòdì tó rí wọn.

Ọmọ́ńlé mi orí. "Pátákó dúdú lo nílò. Onílé yìí ní ọ̀kan tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Kò rà á. Ohun tí wọ́n ti jù nù ló kó jọ tó fi ṣe é, mo wà lókè níbí, mo ń wò ó. Kò le, àmọ́ ó gba sùúrù. Ṣé o ní sùúrù?"

"Mo ní i, bàbá."

Irọ́ ni. Ìpayà ló ní.

"Ó dáa. Wá pákó tó tẹ́. Wá èédú, kí o lọ̀ ọ́ kó kúnná. Já ewé ọ̀dùnkún, kí o gún un pọ̀ mọ́ èédú náà, oje ewé ló máa jẹ́ kó dì mọ́ igi. Kun pákó rẹ, kó gbẹ. Tún kùn ún, kó tún gbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, gbọ́ mi dáadáa o, kí o tó kọ ohunkóhun sí i, fi ẹfun pa gbogbo ojú rẹ̀ látòkè délẹ̀, kó funfun báláú, kí o wá fi àkísà nù ún kúrò. Bíbọ́ pátákó lójú nìyẹn. Pátákó tuntun tí wọn ò bá bọ́ lójú, ohun tí o bá kọ́kọ́ kọ sí i, á wọnú rẹ̀ lọ. O ò ní lè pa á rẹ́ mọ́."

"Mo ti gbọ́, bàbá."

"Kí ni mo sọ kẹ́yìn?"

"Ẹ ní kí n bọ́ ọ lójú kí n tó kọ nǹkan sí i."

"Máa lọ. Kó o rọra ṣe é o."

Orí ààtàn ni Ìyá Rántí gbà lọ. Ibẹ̀ ló ti rí ìdérí àpótí aṣọ kan tí ìyàwó ilé ti jù nù. Ikán ti jẹ etí rẹ̀ kan, àmọ́ àárín rẹ̀ tẹ́ dáadáa. Ó fi ẹnu fà á, àwọn ọmọ ń tì í lẹ́yìn. Àbíkẹ́yìn gun orí ìdérí náà, ó jókòó síbẹ̀, òun náà ń sọ pé òun ń ṣiṣẹ́. Bí Ìyá Rántí bá ti fà á díẹ̀, á dúró, á wòkè. Kò sí nǹkan kan lókè. Á tún fà á, á tún wòkè.

Ó kó èédú tó ti kú nídìí ààrò. Ó dà á sórí àpáàdì kan, ó fi ẹnu ṣá a, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, títí tó fi kúnná.

"Màámi, ẹsẹ̀ yín ti dúdú," Rántí ní.

"Jẹ́ kó dúdú. Ó sàn ju kí ojú mi ṣókùnkùn lọ."

Wọ́n wá lọ já ewé lórí ebè ọ̀dùnkún tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni Ewúrẹ́ ti bá wọn.

"Kí lẹ fẹ́ fi ewé yìí ṣe?"

"A fẹ́ fi kun pátákó ni."

"Kí lẹ wí?" Ewúrẹ́ la ẹnu sílẹ̀. "Ewé tútù tó dùn báyìí, igi lẹ fẹ́ máa fi kùn? Ó mà ṣe o!" Ló bá bẹnu bọ ebè, ó ń jẹ ẹ́ lọ ràì. Díẹ̀ báyìí ni Ìyá Rántí rí já gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó fi òkúta gún ewé náà pọ̀ mọ́ èédú, ó di dúdú kirikiri, ó sì ń fà. Ó fi àkísà ìró àtijọ́ kan pa á sí ojú pákó, ó kùn ún yíká, ó fi ti ògiri lábẹ́ etí òrùlé kí oòrùn má baà là á. Ó wá jókòó tì í. Ta ló jókòó? Ó dìde, ó lọ fẹsẹ̀ bà á, kò tíì gbẹ. Ó padà, ó tún dìde, ó tún lọ bà á, ojú èékánná rẹ̀ hàn lára rẹ̀.

Ọmọ́ńlé kígbe láti ara ògiri pé, "Ìyá Rántí, fi í sílẹ̀ kó gbẹ!"

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ti gbẹ. Ó tún kùn ún. Ó gbẹ, ó dúdú, ó ń dán díẹ̀díẹ̀. Ìyá Rántí wò ó, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti pamọ. Ó mú òkúta ẹfun tí ìyàwó ilé fi kun ògiri kù, ó gbé e sẹ́nu. Àkísà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kù kó bọ́ pátákó lójú.

Àfi bí òjìji kan ṣe gba ojú pátákó náà kọjá.

Àkùkọ tó ń kọ lọ́wọ́ gé ohùn rẹ̀ sí méjì, ó kó sábẹ́ ilé ìdáná, ẹni tó ń jí gbogbo abà! Ìyá Rántí gbójú sókè. Àwòdì ni. Ó ga lọ́hùn-ún, ó na apá, kò jù ú, ó ń yí po, ó ń yí po. Ó yí títí, ó wá kọjá lọ sọ́nà odò.

Ìyá Rántí ní, "Ó ti rí wa. Ó ti mọ ibi tí wọ́n wà. Ó máa padà wá."

Ó sáré gbé ẹfun sí ojú pátákó.

"Ìyá Rántí!" Ọmọ́ńlé kígbe. "Bọ́ ọ lójú ná!"

"Bàbá, ta ló ráyè ìyẹn? Ẹ ò rí i ni?"

"Kò ní pẹ́ o! Fi ẹfun pa á, kó o nù ún, kó o wá kọ!"

"Kí n máa pa ẹfun, kí n máa nù ún, kí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí máa parẹ́ lójú mi? Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ fi mí sílẹ̀!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Ó ya apá, ó gùn. Ó ya ìrù, ó là á sí méjì. Ó ya ẹnu, ó tẹ̀ ẹ́ bí ìwọ̀. Ó ya ẹsẹ̀ àti èékánná. Nígbà tó ya ojú rẹ̀ tán, òun fúnra rẹ̀ fò sẹ́yìn, gbogbo ìyẹ́ ara rẹ̀ dìde. Àwọn ọmọ pariwo, wọ́n túká. Inú Ìyá Rántí dùn sí ariwo náà.

"Ẹ padà wá, kò lè ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ máa wí tẹ̀ lé mi."

Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe lọ rèé:

"Ta nìyẹn?" "Àwòdì ni!"

"Apá rẹ̀ ńkọ́?" "Ó gùn, kì í jù ú!"

"Ìrù rẹ̀ ńkọ́?" "Ó là sí méjì!"

"Ẹnu rẹ̀ ńkọ́?" "Ó tẹ̀ bí ìwọ̀!"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?" "Èékánná ni gbogbo rẹ̀!"

Kí oòrùn tó yẹ àtàrí, Rántí ti mọ̀ ọ́n pátá. Àbíkẹ́yìn ò mọ nǹkan kan, abẹ́ apá ìyá rẹ̀ ló ti ń sùn. Ẹyẹlé kọjá, àwọn ọmọ wò ó, Rántí ní, "Ìrù rẹ̀ ò là. Kì í ṣe òun." Lékeléke kọjá, ó ní, "Ó ń ju apá. Kì í ṣe òun." Omi bọ́ lójú Ìyá Rántí. Ó ní ìyà òun ò já sí asán.

Rántí wá gbé orí sókè. "Màámi, tí a bá wá rí òun gan-an ńkọ́? Kí la máa ṣe?"

"Ọmọ mi àtàtà! Ẹ̀kọ́ kejì nìyẹn. Màá pa èyí rẹ́, màá wá ya ara mi síbẹ̀. Màá na apá mi méjèèjì, màá ya gbogbo yín sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ lè rí bí ẹ ó ṣe sá wá bá mi. Dúró ná."

Ó mú àkísà, ó nu pátákó. Àwòdì ṣì wà níbẹ̀. Ó tún un nù. Ó wà níbẹ̀. Ó lọ rẹ àkísà sínú omi, ó fi gbo ó, ojú pátákó tutù, àwòrán náà pòórá. Ó mí kanlẹ̀. Bí omi ṣe ń gbẹ báyìí, apá jáde, ìrù jáde, ojú náà jáde, ó ń wò ó. Ó ti wọnú igi lọ.

Kò fẹ́ gbójú sókè wo ògiri. Ọmọ́ńlé ò sọ pé, "Ṣé mo sọ fún ọ." Ó kàn pòṣé.

"Kí ni ṣíṣe, bàbá?"

"Wá èédú mìíràn, já ewé mìíràn, kó o kùn ún bo àwòrán náà. Kó o bọ́ ọ lójú lọ́tẹ̀ yìí."

Ó sáré lọ sídìí ebè ọ̀dùnkún. Ewúrẹ́ ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ìtàkùn lásán ló kù. Ewé mìíràn ò sí lábà, àfi kó dúró kí wọ́n hù.

"Ìyá Rántí," Ọmọ́ńlé ní, "fẹnu sọ ẹ̀kọ́ kejì fún wọn ná. Ṣé kí wọ́n sá náà ni? Sọ ọ́ fún wọn."

Ìyá Rántí mi orí. "Ẹnu mi yìí ni mo fi kìlọ̀ fún àwọn tó ti lọ. Gbogbo ohun tí mo fẹnu sọ fún wọn, Àwòdì ló kó o jẹ. Mo ti búra, bàbá. Ohun tí wọn ò bá fojú rí, mi ò ní kọ́ wọn. Ewé ò ní pẹ́ hù."

Ẹ̀yin náà gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá sọ. Ó gbé e mì.

Láràárọ̀, ó ń kó wọn lọ síwájú pátákó kí wọ́n má baà gbàgbé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Kò sí òmíràn tó lè kọ́ wọn. Wọ́n ń pariwo rẹ̀, ohùn wọn ń dùn. Tó bá sì di ọ̀sán, á sáré lọ wo ebè. Ewé ò tíì yọ. Á sáré padà, á wòkè.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ bá ti dé iwájú pátákó, ara wọn á máa gbọ̀n. Nígbà tó yá, ara wọn dáwọ́ gbígbọ̀n dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré nídìí rẹ̀. Ọ̀kan ṣá a lójú, ó rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kan, Ìyá Rántí ti ibi ebè dé, ó bá Rántí níbi tó jókòó sí lábẹ́ pátákó, tó ń gba ibòòji.

"Ẹ káàsán o, Àwòdì," Rántí ń kí àwòrán náà.

Ìyá Rántí sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Rántí! Dìde níbẹ̀!"

"Màámi, kì í ṣe nǹkan kan o. Ibì kan náà ló máa ń wà." Ó dìde, ó gbọn ìyẹ́ rẹ̀. "Màámi, ẹ̀kọ́ kejì ńkọ́?"

"Ó kù díẹ̀, ọmọ mi. Ewé ti ń yọ."

Ó rò ó pé kí òun yí ojú pátákó náà sí ògiri. Àmọ́ tó bá yí i, tí wọ́n bá gbàgbé ńkọ́? Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ewé hù. Ìyá Rántí rí i láti ọ̀ọ́kán, ó tutù yọ̀yọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò wòkè. Ìgbà kan ṣoṣo tí kò wòkè nìyẹn! Ó sáré lọ sídìí ebè, Àbíkẹ́yìn rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe. Àwọn tó kù wà ní àárín ẹ̀yìnkùlé. Ó já ewé kan, ó já èkejì. Ó fẹ́ já òmíràn báyìí, ni òjìji kan bá gba orí ebè kọjá.

"Àwòdì!" ó ké. "Yéè! Àwòdì o!"

Gbogbo àwọn ọmọ gbójú sókè. Rántí rí i. Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó o nínú ayé. Ojú rẹ̀ tàn, ó mú ara dúró, ó yọ àyà síta bó ṣe máa ń ṣe níwájú pátákó, ó sì bẹ̀rẹ̀:

"Ta nìyẹn? Àwòdì ni!"

"Ẹ sá!" Ìyá Rántí ti ju ewé sílẹ̀, ó ń bọ̀, ó ń fò, ó ń ṣubú. "Ẹ sá wá sábẹ́ apá mi!"

Ariwo ẹ̀kọ́ náà bo ohùn rẹ̀. Àwọn àbúrò Rántí ti ń gbè é bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láràárọ̀.

"Apá rẹ̀ ńkọ́? Ó gùn, kì í jù ú! Ìrù rẹ̀ ńkọ́? Ó là sí méjì!"

Àbíkẹ́yìn tí kò mọ ẹ̀kọ́ kankan ti wà lábẹ́ apá ìyá rẹ̀, ó di ìyẹ́ mú, ìyá rẹ̀ ń wọ́ ọ lọ.

"Ẹnu rẹ̀ ńkọ́? Ó tẹ̀ bí ìwọ̀!" Òjìji náà ti ń fẹ̀ sí i. Ẹ̀rù ba àwọn tó kù, wọ́n dákẹ́. Rántí nìkan ò dákẹ́. Ó kù díẹ̀ kó parí rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ìyá òun gbọ́.

"Màámi, ẹ gbọ́! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Èékánná ni..."

Kò parí rẹ̀.

Àwọn tó kù sá wọ abẹ́ ìyá wọn. Àwòdì gba orí igi ìyeyè, ó lọ. Ìyẹ́ kékeré kan ṣẹ́ kù sílẹ̀ níwájú pátákó, atẹ́gùn gbé e díẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀.

Ìyá Rántí ò sunkún. Ó kọjá lọ bá pátákó, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ha á, ó fi ẹsẹ̀ òsì ha á, ó ń wá bí àwòrán náà ṣe máa kúrò. Ó ha á títí èékánná rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Pátákó ṣubú, ó da ojú dé ilẹ̀. Kò mọ̀ pé ó ti ṣubú. Ó ń ha ilẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀.

Àbíkẹ́yìn ló sún mọ́ ọn. "Màámi, kí lẹ̀ ń kọ?"

Ìyá Rántí dúró. Ó wo ilẹ̀. Ilà ti wà níbẹ̀, ó hàn gbangba. Ó fi ẹsẹ̀ kan nù ún, ó lọ tefétefé. Ó tún ha á, ilà tún jáde. Ó tún nù ún, ó lọ. Ilẹ̀ kì í di nǹkan mú. Wọn kì í bọ́ ọ lójú kí wọ́n tó kọ nǹkan sí i.

Ó ya apá méjì tó nà síbẹ̀, ó ya àwọn ọmọ sábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀kọ́ kejì nìyí," ó ní. "Tí mo bá ti ké, ẹ ò gbọ́dọ̀ wòkè. Ẹ ò gbọ́dọ̀ bi mí pé ta ni. Abẹ́ apá mi ni kẹ́ ẹ ti bá ara yín." Ó fẹnu sọ ọ́, ó sì fẹsẹ̀ yà á. Ó nù ún. Ó fi ojú kan wo òkè. Ó tún yà á.

Ọmọ́ńlé rọra sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri. "Ìyá Rán..." Kò mọ̀ bóyá kí òun ṣì máa pè é bẹ́ẹ̀.

"Ẹ parí rẹ̀, bàbá," ó ní. "Orúkọ mi nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá kun pátákó tuntun kì í gbàgbé láti fi ẹfun pa á látòkè délẹ̀, kó sì nù ún kó tó kọ nǹkan sí i. Láti ọjọ́ náà ni òròmọdìẹ ti ń sá wọ abẹ́ ìyá rẹ̀ tó bá ti gbọ́ igbe rẹ̀, kó tó mọ ohun tó ń lé e. Láti ọjọ́ náà sì ni adìẹ ti ń fẹsẹ̀ méjèèjì ha ilẹ̀, tí á sún sẹ́yìn, tí á wo ibi tó ha, tí á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè fi ojú kan wo òkè, kó tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin rò pé kòkòrò ló ń wá. Kòkòrò tó bá rí níbẹ̀, ó kàn ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀kọ́ kejì ló ń kọ, èyí tí kò rí kọ fún Rántí.